Túnmiṣe Ń Sọ Gẹ̀ẹ́sì fún Màmá Òde-Omi

Ọjọ́ tí Túnmiṣe kọ́kọ́ fojú kan Bùsúyì, orí ìkúnlẹ̀ ló wà. Yàrá òkè kan ní Àgọ́-Ìwòyè ni, níbi tí wọ́n ti ń múra àwọn tó fẹ́ lọ kàwé lókè òkun sílẹ̀ fún ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Bó ti ṣílẹ̀kùn, ó rí ẹ̀yìn olùkọ́ kan tó ń nu pátákó. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà."

Ọkùnrin náà yíjú padà. Ó wo iwájú, kò rí èèyàn. Ìgbà tó wo ilẹ̀ ló tó rí i.

"Háà! Dìde jàre! Ta lo rò pé ò ń kí? Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún o."

"Ẹ̀yìn yín ni mo rí, sà."

"Ẹ̀yìn mi wá jọ ti àgbà?" Bùsúyì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wọ Túnmiṣe lára, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀.

Ọmọ Atikori ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni Túnmiṣe. Bàbá rẹ̀, Ọláníyọnu, ń lagi, àgbà ìjọ Aládùúrà sì ni. Ilé-ìwé kan lókè òkun ti gba Túnmiṣe láti wá kọ́ bí igi ṣe ń di bébà, àmọ́ wọ́n ní kó kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì. Bí èsì náà kò bá dé kí oṣù kẹjọ tó parí, ààyè rẹ̀ di ti ẹlòmíràn. Ó sì ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́ sí i.

Bùsúyì yẹ èsì rẹ̀ wò. "Nínú mẹ́sàn-án, o gba mẹ́jọ nínú ìwé kíkà. O wá gba márùn-ún nínú ọ̀rọ̀ sísọ. Kí ló ṣe ẹnu rẹ?"

"Kò sí nǹkan tó ṣe é, sà."

"Ó dáa. Ká sọ pé èmi ni mò ń dán ọ wò." Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi í: "Sọ fún mi nípa ìlú rẹ."

Túnmiṣe tẹ orí ba. "Ìlú ńlá ni, sà," ó fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ó sì dákẹ́.

Bùsúyì dúró. Ó tún dúró. "Ó tán?"

"Ó tán, sà."

"Àwọn èèyàn ibẹ̀ ńkọ́? Ọjà ńkọ́? Oúnjẹ wọn ńkọ́?"

"Ẹ ò bi mí, sà."

"Ìṣẹ́jú méjì gbáko ni wọ́n fẹ́ kí o fi sọ̀rọ̀, kó o sì máa wo ojú ẹni tó ń bi ọ́!"

"Kí n ranjú mọ́ àgbà, kí n máa ké ṣáá bí ẹyẹ ẹ̀gà? Bí Bàbá mi bá gbọ́, wọ́n á ní ilé-ìwé ti bà mí jẹ́."

Bùsúyì jókòó. "Mo ti rí àrùn rẹ. Ẹ̀kọ́ ilé ló pa ọ́ láyò."

Ó ṣàlàyé fún un pé ìdánwò ọ̀hún kì í ṣe ẹyọ kan. Èyí tó ti ṣe, IELTS, èèyàn ló máa ń jókòó síwájú ẹni. TOEFL ńkọ́, kọ̀ǹpútà lèèyàn ń bá sọ̀rọ̀. Ilé-ìwé tó gbà á sì lè tẹ́wọ́ gba èyíkéyìí nínú méjèèjì. "Kọ̀ǹpútà ò ṣàgbà ẹnì kankan," ni Bùsúyì wí.

Wọ́n bá dán an wò lọ́jọ́ kejì. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà jókòó sídìí kọ̀ǹpútà mẹ́fà, oníkálùkù ń sọ tirẹ̀. Túnmiṣe nìkan ló pa ẹnu mọ́ títí àkókò fi tán.

"Kí ló tún dé?"

"Àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n sọ tiwọn tán ná."

Bùsúyì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Túnmiṣe náà wá rí bí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe rí, lòun náà bá bú sẹ́rìn-ín. Bùsúyì ò tíì rí eyín rẹ̀ rí. Ẹ̀rín Bùsúyì dá dúró lójijì, ó sì gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ.

"IELTS náà la máa padà sí," ló wí níkẹyìn. "Àgbà ló ń bà ọ́ lẹ́rù, àgbà náà la ó fi wò ọ́ sàn."

Ní òwúrọ̀ Sátidé, wọ́n wọkọ̀ títí wọ́n fi dé etí omi, wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi dé Òde-Omi. Ibẹ̀ ni ìyá tó bí ìyá Bùsúyì, Màmá Abigail, ti ń yan ẹja.

"Màmá, ọmọ yìí fẹ́ máa sọ Gẹ̀ẹ́sì fún yín. Ẹ má ṣe jẹ́ kó dákẹ́ o."

"Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀? Èmi tí mi ò gbọ́ ju 'kọ́mù' lọ?"

"Ẹ ṣáà máa gbọ́."

Túnmiṣe jókòó. Ó sọ gbólóhùn méjì, ó sì wolẹ̀.

"Ibo lò ń wò?" Màmá Abigail bi í. "Ojú mi rèé. Àbí ó ń rùn ni?"

"Rárá o, Màmá!"

"Wò ó nígbà náà. Ẹ̀n-ẹ́n! Ó wá dà báwo?"

Sátidé mẹ́fà ni wọ́n fi ń lọ. Nígbà tó máa di ẹ̀kẹta, Túnmiṣe ti ń ròyìn bí igi ṣe ń ké lábẹ́ ayùn bàbá rẹ̀, àti bí ìyá rẹ̀ ṣe ń kọrin bó bá ń dáná. Màmá a máa mirí, a máa pa ọwọ́ mọ́ àyà, a sì máa ké "Háà! Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ!" sí ohun tí kò yé e rárá. Nígbà tó di ẹ̀kẹfà, Màmá ló ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kóun náà rí nǹkan sọ.

Lọ́jọ́ yẹn, bí wọ́n ti ń padà lójú omi, Bùsúyì ní, "Túnmiṣe, má pè mí ní 'sà' mọ́."

"Kí ni kí n wá máa pè yín?"

"Orúkọ mi."

Ó wo omi títí. "Bùsúyì," ló wá rọra wí. Orúkọ náà dùn lẹ́nu rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

"Adúmáradán mi, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe ń kọ́ ọ yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ń tì ọ́ lọ."

"Kí ló dé tó o wá ń kọ́ mi?"

"Bí mo bá ń gbàdúrà kó o kùnà, ṣé ìfẹ́ nìyẹn?"

Túnmiṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ rẹ, ọkàn mi. Ó ti pẹ́."

Awakọ̀ kígbe láti ẹ̀yìn. "Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ o! Ìfẹ́ ò mọ ìlúwẹ̀ẹ́ o!"

Ẹni tó rí wọn lébùúté kò dákẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Atikori.

"Mo ní kí o lọ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, o lọ kọ́ ọkọ!" Ọláníyọnu bú mọ́ ọmọ rẹ̀. "Ọkọ̀ òfúrufú lọmọ yẹn ń wá. Ẹ̀yìn rẹ ló fẹ́ gùn sọdá òkun. Bó bá débẹ̀ tán, á jù ọ́ nù bí èèpo igi."

"Bàbá, kò rí bẹ́ẹ̀, sà."

"Èmi lò ń wò lójú báyìí?"

Túnmiṣe ò tiẹ̀ mọ̀ pé ojú òun wà lókè. Ó kúnlẹ̀, àmọ́ kò gbé ojú náà sílẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Bùsúyì kì í ṣe ẹlẹ́tàn."

Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Bùsúyì gbọ́, ó sì ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀: "Olólùfẹ́ mi, ṣe ìdánwò rẹ. Mi ò ní yọjú sí ọ títí bàbá rẹ yóò fi mọ̀ pé ìwọ ni mo fẹ́, kì í ṣe ìrìn-àjò." Túnmiṣe sunkún títí aṣọ ìrọ̀rí rẹ̀ fi tutù.

Síbẹ̀ ó lọ ṣe é. Obìnrin àgbàlagbà kan ló jókòó síwájú rẹ̀. Túnmiṣe wò ó lójú, ó sọ̀rọ̀ títí obìnrin náà fi ní kó dúró. Nígbà tí èsì dé, méje àtààbọ̀ ló gbà. Ìyá rẹ̀ ké halelúyà yí ilé ká. Túnmiṣe náà yọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò kún. Ààyè ilé-ìwé ti di tirẹ̀. Bùsúyì ńkọ́?

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìsìn, Màmá Abigail wọlé wá ní Atikori pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja yíyan. Bùsúyì tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò dìde.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá," Ọláníyọnu wí. "Mi ò dá yín mọ̀ o."

"Èmi ni ọmọ yín ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún."

"Ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì?"

"Mi ò gbọ́ ẹyọ kan. Orúkọ ọmọ mi ni mo ṣáà ń gbọ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀ igi, Bùsúyì á wọ̀ ọ́. Bó bá ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, Bùsúyì á wọ̀ ọ́. Ẹja mi jóná lọ́jọ́ kan níbi tí mo ti ń ka iye ìgbà tó pè é."

Ìyá Túnmiṣe fi ìborùn bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń mì. Túnmiṣe ò mọ ibi tóun lè sá sí.

Bùsúyì sọ̀rọ̀ látorí ilẹ̀. "Bàbá, mi ò ní bá a lọ. Àgọ́-Ìwòyè ni màá wà títí yóò fi kàwé tán. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ni kí ẹ jẹ́ kí n máa dúró dè é."

Ọláníyọnu tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó rẹ̀. "O ò ní bá a lọ?"

"Mi ò ní bá a lọ, sà."

"Òun nìkan ni yóò wà nínú òtútù yẹn?"

"Ẹ̀yin lẹ ní..."

"Mo sọ̀rọ̀, o wá gbà bẹ́ẹ̀! Bí àìsàn bá ṣe é ńkọ́? Ta ni yóò máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti jẹun? Ọkọ wo ló ń jókòó sí Àgọ́-Ìwòyè tí ìyàwó rẹ̀ ń gbọ̀n lókè òkun? Dìde, kó o lọ wá ilé-ìwé tìrẹ! Ìdánwò tó o fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ yìí, mélòó nìwọ gbà níbẹ̀?"

Bùsúyì dìde, ó họrí. "Mi ò tíì ṣe é rí, sà."

Ilé dà rú. Ẹ̀rín Màmá Abigail ló lágbára jù. Ọláníyọnu fẹ́ dijú mọ́rí, kò ṣeé ṣe. Òun náà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Sátidé tó kẹ́yìn oṣù kẹjọ ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì bàbá Túnmiṣe, tọkọtìyàwó nínú aṣọ funfun, ẹsẹ̀ wọn lásán lórí ilẹ̀. Àwọn ará Òde-Omi wá, àwọn alagi pa ayùn tì. Nígbà tí ijó gbóná, Ọláníyọnu fa àna rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ọjọ́ wo ni ìdánwò tìrẹ?"

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, sà."

"Kí lo wá ń jó fún? Ẹ bá mi gbé ìwé fún ọmọ yìí!"

Túnmiṣe ti débẹ̀, ó ti gbá ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ kó jó, Bàbá," ó ní, ó ń wo bàbá rẹ̀ lójú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Èmi ni olùkọ́ rẹ̀ báyìí. Mo ti fún un láyè di ọ̀la."