Àmúdàtù Kọ Ẹ̀yìn sí Àwọn Àgbà

Atẹ́gùn ń ti Àmúdàtù lẹ́yìn bó ti dúró láàárín pápá ìṣeré kan ní Yábàá, tó gbé ọkọ̀ òfuurufú kékeré dání. Igi fẹ́ẹ́rẹ́ àti bébà ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe é. Rọ́bà tí wọ́n lọ́ pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń yí abẹ̀bẹ̀ iwájú. Ìdíje àwọn iléèwé girama ni, lọ́dún 1975. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè gbìyànjú, ọkọ̀ tó bá sì pẹ́ jù lókè ni yóò gba ife.

Orí pákó gígùn kan ni ọkọ̀ yóò ti sáré kó tó gbéra. Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀jẹ̀túndé, olùkọ́ físíìsì wọn, ti kọ́ wọn pé ìwúwo ọkọ̀ ń fà á wálẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń sáré kọjá lára apá rẹ̀ ló sì ń gbé e sókè. Nítorí náà, ó yẹ kí ọkọ̀ tó fẹ́ gbéra kọjú sí atẹ́gùn. Ṣùgbọ́n ibi àtíbàbà àwọn àgbà ìlú ni wọ́n kọjú pákó sí, ibẹ̀ gan-an ni atẹ́gùn sì ń fẹ́ lọ. Àmúdàtù ní kí wọ́n yí pákó padà.

Ṣàfíù, olórí ẹgbẹ́ wọn, kò gbà. "Ṣé o fẹ́ kọ ìdí sáwọn àgbà ni? Wọ́n á ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."

Edith, ọ̀rẹ́ Àmúdàtù tímọ́tímọ́ nínú ẹgbẹ́ náà, bẹ̀ ẹ́ pé kó má bá wọn jiyàn lójú èrò. Àmúdàtù mọ̀ pé òun jàre, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní olóríkunkun. Ó dákẹ́.

Wọ́n tú rọ́bà sílẹ̀. Ọkọ̀ sáré títí dé ìparí pákó, kò gbéra, ó sì fi imú gúnlẹ̀ bí adìyẹ tó já sí gọ́tà. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín. Apá ọkọ̀ kan ya. Ṣàfíù tẹ orí ba.

Inú ń bí Àmúdàtù, ara rẹ̀ ló sì ń bínú sí. Bí Edith ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ apá ọkọ̀, Àmúdàtù lọ sábẹ́ àtíbàbà, ó kúnlẹ̀ níwájú Alájì Mùktárù tó ṣe alága ọjọ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, mo fẹ́ kọ ẹ̀yìn sí yín. Bí ọkọ̀ wa ò bá kọjú sí atẹ́gùn, kò ní lè gbéra."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kọ ẹ̀yìn sí wa dáadáa, ọmọ mi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ifẹ̀."

Wọ́n yí pákó padà. Ọkọ̀ ò tíì sáré dé ìdajì rẹ̀ tó fi gbéra. Ó kọjá lórí òpó góòlù, ó pòòyì lókè, nígbà tí rọ́bà sì tú tán, ó rọra bà sórí páànù ilé kan lẹ́yìn pápá. Ìyá onílé ló fi ọ̀pá tó fi ń já máńgòrò rọra fà á wálẹ̀ fún wọn, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ipò kejì ni wọ́n gbà. Nígbà tí wọ́n ń rìn gba Jíbówú padà, Ṣàfíù ra ẹ̀pà fún gbogbo ẹgbẹ́, ó sì ní òun ìbá ti gbọ́ràn. Àmúdàtù ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ nìkan, òun náà ìbá má ti dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ tó kọ́ lọ́jọ́ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́: ìwà ọmọlúàbí kò ní ká pa òótọ́ mọ́ nítorí ẹgbẹ́; ó ní ká fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́ ni.