Ìṣó Lásán Ló Gbé Mariama Sọ̀ Kalẹ̀ Òkè

Nimotou ń bu ìrẹsì sáwo nígbà tí Mariama, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méje, ti ilé-ìwé dé. Ẹsẹ̀ bàtà kan ṣoṣo ló wọ̀, orúnkún rẹ̀ ti bó, síbẹ̀ ẹ̀rín ló ń rín.

"Maman, láàárọ̀, èmi àti papa dépasser taxi, a fi í sẹ́yìn. Papa ò tẹ frein rárá láti dín eré kù."

Nimotou gbé àwo sílẹ̀, ó fọ orúnkún ọmọ náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá Moufoutaou, ọkọ rẹ̀, jà lórí kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ń ká sí méjì yìí. Lórí òkè ni ilé wọn wà ní Bingerville lọ́dún 1975, ilé-ìwé ọmọ àti ibùdókọ̀ sì wà nísàlẹ̀. Láràárọ̀, Moufoutaou á gbé Mariama sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, á fi ọmọ sílé-ìwé, á ká kẹ̀kẹ́ náà, á sì gbé e wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ ní Plateau. Ìyẹn dáa. Ohun tí kò dáa ni pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà ti sọ ọ́ ní "Le Rapide", ìyẹn Eléré, orúkọ náà sì ti ń gun orí rẹ̀. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta, tí ìyìn àwọn tí kò níṣẹ́ ń pa bí ọtí!

Nígbà tí Moufoutaou dé nírọ̀lẹ́, Nimotou béèrè bàtà ọmọ. Ọkọ rẹ̀ ní kòtò ló gbọn àwọn, ibẹ̀ ni bàtà ti já bọ́. Nígbà tó béèrè orúnkún, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ta ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í bó kó tó dàgbà, pé ojo ni ìyàwó òun.

Nimotou jáde lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ wà. Ó ká kẹ̀kẹ́ náà sí méjì, ó ṣu òṣùká, ó gbé e karí, ó sì forí lé ilé Àrìmíyàù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ẹni tó ta kẹ̀kẹ́ náà fún wọn. Moufoutaou ń tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má dójú ti òun ládùúgbò. Obìnrin náà kò wẹ̀yìn.

Àrìmíyàù tú kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ká a lágbedeméjì ló kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ó fi ìka méjì fa nǹkan kan yọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. Ìṣó pátákó kan tó ti wọ́ ni.

"Irin ìdè tó wà níbí ńkọ́?"

Moufoutaou wo ilẹ̀. Ó ní ó ti sọnù láti oṣù tó kọjá, ìṣó lòun fi rọ́pò rẹ̀, kò sì tíì yọ.

"Kò tíì yọ." Ojú Àrìmíyàù pọ́n. "Mo sọ fún ọ lọ́jọ́ tí mo tà á pé ilẹ̀ tó tẹ́jú ni vélo yìí wà fún. Wo táyà rẹ̀ bó ṣe kéré. Kòtò tí kẹ̀kẹ́ ńlá máa gbà kọjá, tiẹ̀ á há síbẹ̀, á sì gbé ọ ṣánlẹ̀. Frein rẹ̀ ò lè dá èèyàn méjì dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bí ìṣó yìí bá yọ lórí eré, kẹ̀kẹ́ á ká mọ́ yín lábẹ́. Ta ni taxi tó ń bọ̀ lẹ́yìn máa tẹ̀ mọ́lẹ̀?"

Nimotou gba ìṣó náà, ó fi lé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì pa ọwọ́ náà dé.

"Bàbá Mariama, ohun tí ẹ gbé ọmọ mi lé rèé. Ẹ mú un lọ fún àwọn tó ń pè yín ní Rapide, kí wọ́n fi gbé ọmọ tiwọn."

Láti ọjọ́ kejì, ẹsẹ̀ ni Moufoutaou àti Mariama fi ń sọ̀ kalẹ̀, bàbá ń ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ náà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mariama gan-an ń kùn, ó ní ìrìn náà ti pẹ́ jù. Inú Nimotou ò sì tíì rọ̀.

Ẹ̀yin òbí, igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó wá. Bí ẹ bá ní irú kẹ̀kẹ́ yìí, ẹ yẹ ìdè rẹ̀ wò kí ẹ tó gùn ún. Bó bá bàjẹ́, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, ẹ má fi ìṣó tàbí okùn dọ́gbọ́n. Bí ẹ bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ bọ́ sílẹ̀ kí ẹ tì í, ẹ má sì gbé ọmọ sẹ́yìn rẹ̀ sáré. Àwọn tó ń pàtẹ́wọ́ fún yín lẹ́nu ọ̀nà kò ní bá yín jókòó ti ọmọ nílé ìwòsàn.