Fóònù Tí Mo Pa Lẹ́nu Mọ́

"Myrosya, ojú ẹ ò gbọdọ̀ kúrò lára fóònù yìí o," ni bàbá mi wí, ó sì fi fóònù ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa lé mi lọ́wọ́. "Kò síná láti àárọ̀, fèrè ìkìlọ̀ ìlú ò ní lè dún. Tí eléyìí bá ti ké pé dírónù àwọn ọ̀tá ń bọ̀ lójú ọ̀run, kígbe, kí gbogbo wa sáré wọ àjà ilẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Bàámi. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta."

"Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin nìyẹn. Jókòó síbẹ̀."

Bàbá mi, Zenoviy Markovych, ti bá àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá ilẹ̀ Ukraine gbá bọ́ọ̀lù rí kí orúnkún rẹ̀ tó bàjẹ́. Odidi ọdún kan ló fi jókòó sílé tó ń wo ògiri, tí kò fá irùngbọ̀n. Iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìlú wa ní bọ́ọ̀lù ló gbé e dìde, ó sì ti ṣe é fún ọdún mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n nǹkan ò lọ déédéé lọ́dún yẹn. Àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ sọ fún un pé tí a bá tún pàdánù ní Sátidé yẹn, kó máa lọ sílé. Kò sọ fún àwọn ọmọ. Èmi ni mo fetí kọ́ ọ níbi tó ti ń sọ fún ìyá mi ní kíṣìnnì.

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, góòlù kan la fi ń borí nígbà tí ìkìlọ̀ ké. Wákàtí méjì la lò lábẹ́ ilẹ̀. Nígbà tí a fi máa jáde, ẹsẹ̀ àwọn ọmọ ti gan, ni ẹgbẹ́ kejì bá gbá méjì wọlé wa. Bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó já lọ́jọ́ náà. Ká sòótọ́, ìkìlọ̀ lè ké lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́ kí ohunkóhun má já. Ó ti sú wa. Ìyá mi kì í tiẹ̀ gbójú sókè nídìí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́.

Àwọn ọmọ ìlú Poltava la bá gbá ní Sátidé yẹn, wọ́n sì le koko. Yukhym tó ń ṣọ́ ilé fún wa ni kò jẹ́ kí wọ́n rí wa gbé ṣe.

"Yukhym, o sanra báyìí, báwo lo ṣe ń fò?" ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà ìsinmi.

"Varenyky ọlọ́dùnkún tí ìyá ẹ ń sè, tí mò ń jẹ, ló ń gbé mi fò," ló dá mi lóhùn.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, a gbá ọ̀kan wọlé. Nígbà tó ku mẹ́fà, fóònù ké.

Kíá ni mo tẹ̀ ẹ́ pa. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ni, tí wọ́n bá ti fọn fèrè ìparí báyìí, màá kígbe.

Bàbá mi yíjú. "Ṣé nǹkan kan wà ńbẹ̀?"

"Kò sí, Bàámi."

Kò pẹ́ tí a gbọ́ ìró kan lókè, bíi ti ọ̀kadà tó ti gbó. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé dírónù ni. Bàbá mi ké pé kí gbogbo wa dojú bolẹ̀. Ilé ìlagi tó wà lẹ́yìn òpó góòlù wa ni nǹkan náà já lé, Yukhym ló sì sún mọ́ ọn jù lọ. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni wọ́n gé ní ọsibítù.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù la wà nígbà tí bàbá mi yẹ fóònù náà wò. Àkókò tó ké wà lójú rẹ̀. Kò pariwo mọ́ mi.

"Ìwọ lo pa á lẹ́nu mọ́."

"Nítorí yín ni. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún Màámi."

Ṣe ló rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n pè é síwájú ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù, ó ní, "Ọwọ́ mi ni fóònù wà. Èmi ni mi ò sọ̀rọ̀." Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo jókòó sí, mi ò sì la ẹnu. Ẹ̀rù bà mí, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọ́ ọmọ kankan ní bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé. Ìyá Yukhym wá tutọ́ sẹ́nu ọ̀nà wa, bàbá mi ṣí fìlà fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́ sínú kí n tó lọ bá Yukhym níbi tó dùbúlẹ̀ sí.

"Bàbá mi kọ́," ni mo wí. "Èmi ni. Fóònù ké, mo sì pa á."

Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n ka góòlù yẹn fún wa?"

"Wọn ò kà á. Wọ́n fagi lé gbogbo ẹ̀."

Ó kọjú sí ògiri. "Máa lọ sílé yín."

Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà, mo jẹ́wọ́. Wọ́n fèsì pé ẹni tó gbé irú fóònù bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé ló lẹ̀bi, pé ìdájọ́ wọn ò yẹ̀. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin ni bàbá mi ti ń to ẹrù báyìí, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Mo fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀ là, èmi náà ni mo sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá fi ẹ̀mí èèyàn sí yín lọ́wọ́ pé kí ẹ máa ṣọ́ ọ, ẹ má fi ṣeré, bó ti wù kí ohun tí ẹ fẹ́ gbà níbẹ̀ dára tó. Tí ẹ bá sì ti ṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Èmi sọ tèmi, ṣùgbọ́n kí n tó sọ ọ́, Yukhym ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni.