Láfún Abẹ́ Ọ̀dà

Ewúrẹ́ bí ogún ló pé jọ sójú títì tuntun tó ti Ìkàrẹ́ wọ Ọ̀kà, wọ́n dorí kodò, wọ́n ń lá títì. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o: títì ni mo wí, kì í ṣe koríko ẹ̀gbẹ́ títì. Awakọ̀ kan tó ń bọ̀ láti Ṣúpárè fọn fèrè títí fèrè fi há. Òbúkọ kan gbójú sókè, ó wò ó bí ẹni tí wọ́n dí lọ́wọ́ oúnjẹ, ó sì tún dorí kodò.

Raliat dúró, kúlà oúnjẹ wà lórí rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá Ọ̀kà ló ń lọ, níbi tí Sàídì ọkọ rẹ̀ ti sun àtìmọ́lé mọ́jú. Sàídì ni sítókípà, ẹni tó ń tọ́jú símẹ́ńtì àwọn tó ń tún títì náà ṣe. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ṣòro ṣàlàyé: ẹ̀rọ ńlá kan á họ títì àtijọ́, á lọ̀ ọ́ kúnná; wọ́n á da símẹ́ńtì lé e, wọ́n á fọ́n ọ̀dà gbígbóná àti omi sí i, wọ́n á pò ó pọ̀, rólà á sì tẹ̀ ẹ́ kó lè le. Ṣùgbọ́n lánàá, ọ̀gá kan tó wá bẹ iṣẹ́ wò láti Àkúrẹ́ fi irin gún títì, irin sì wọlé wọ̀ọ̀ bí ẹní gún iṣu sísè. Ó ní kò sí símẹ́ńtì níbẹ̀. Ẹ̀ńjìníà Ìbíyínká, olórí iṣẹ́, na ìka sí Sàídì lójú ẹsẹ̀.

"Olè tó tà á rè é."

Lọ́la ni wọ́n máa gbé Sàídì lọ sí kóòtù ní Àkúrẹ́. Sàídì tí kì í mú abẹ́rẹ́ onílé!

Ó rí i pé ewúrẹ́ tirẹ̀ wà láàárín wọn, ó sún mọ́ ọn láti lé e. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀, òórùn kíkan kan sì gba afẹ́fẹ́. Raliat bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n.

"Subuánálàhi! Láfún!"

Ọdún méjìlélógún ló ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ tó ń sá a lórí àpáta Ọ̀kà. Ta ló fẹ́ tàn án? Eérú sì wà nínú rẹ̀, òun ló sọ láfún di aláwọ̀ símẹ́ńtì. Èyí, ó fi í sínú. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ pé a kì í sọ ọ̀rọ̀ tán níwájú olè.

Ó wá rántí. Gbogbo oṣù tó kọjá, dírẹ́bà Ìbíyínká ló ń ra láfún wọn, ó ní ọmọ ilé-ìwé kan ní Ìkàrẹ́ làwọn ń bọ́. Àwọn obìnrin orí àpáta gbàdúrà fún un títí ohùn wọn fi há. Raliat nìkan ta àpò mẹ́tàdínlógún. Àṣé láfún ọwọ́ òun ló ti ọkọ òun mọ́lé! Ó bú sẹ́kún lójú títì, ó sì ń sunkún náà wọ àgọ́ ọlọ́pàá.

Sájẹ́ǹtì Ọlálérè gbọ́ ọ tán, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Ìyá Àsàmáù, kí lẹ ní kí n kọ? Pé títì jẹ́ oúnjẹ?"

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

"Wọ́n á ní orí mi dàrú."

"Ẹ yọjú lójú fèrèsé. Ẹlẹ́rìí yín ń bẹ níta."

Ó yọjú. Ewúrẹ́ ti di ọgbọ̀n. Sájẹ́ǹtì mú fìlà rẹ̀.

Lábẹ́ agboòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítọ́ọ̀ ni wọ́n bá Ìbíyínká, ó dé akoto funfun, ó ń mu mọ́lìtì.

"Ṣí àpò símẹ́ńtì kan."

"Atẹ́gùn á bà á jẹ́."

"Ṣí i."

"Ìwé àṣẹ dà?"

Sájẹ́ǹtì fọwọ́ kan kóńdó ìbàdí rẹ̀. "Òun rè é."

Wọ́n ṣí i. Ohun tó wà níbẹ̀ jọ símẹ́ńtì lójú. Ìbíyínká rẹ́rìn-ín. Raliat ti ọwọ́ bọ àpò náà dé ìgúnpá, ó túlẹ̀ títí, ó sì fa àjákù aṣọ pupa rúsúrúsú kan jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín: ogún obìnrin ló ń sá láfún lórí àpáta kan ṣoṣo, nítorí náà kálukú ń fi àjákù ìró tirẹ̀ di ẹnu àpò, kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀. Olè kánjú, ó da láfún tòun ti okùn rẹ̀.

"Aṣọ tí mo fi kó Àsàmáù jáde rè é!"

"Aṣọ lè já bọ́ síbikíbi," ni Ìbíyínká wí.

Raliat yá ìkòkò àti ọmọrogùn lọ́wọ́ obìnrin tó ń dáná fáwọn òṣìṣẹ́, ó gbé omi ka iná tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà. Omi hó. Ó da símẹ́ńtì sí i, ó rò ó, ó tún rò ó. Símẹ́ńtì ki, ó dì, ó di òkèlè dúdú rederede. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́.

"Símẹ́ńtì rẹ ti jiná," ni Sájẹ́ǹtì wí. "Tọ́ ọ wò."

Ìbíyínká fà sẹ́yìn. "Ta ló lè jẹ ohun tí wọ́n da eérú sí tó báyìí?"



"Ẹ̀ńjìníà," Raliat rọra bi í, "ta ló mẹ́nu ba eérú?"

Ìbíyínká bẹ́ jáde! Ewúrẹ́ ti yí ọkọ̀ rẹ̀ ká, ló bá fò gun rólà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ó kọjú sí Ìkàrẹ́. Rólà kì í sáré, ẹ̀yin náà mọ̀. Sájẹ́ǹtì ń rìn lọ́tùn-ún, Raliat ń rìn lósì tòun ti ọmọrogùn.

"Sọ̀ kalẹ̀."

"N ò sọ̀!"

"Títí ìrọ̀lẹ́ o ò lè dé Ìkàrẹ́."

"Màá dé e lọ́la!"

Bí wọ́n ṣe dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, rólà yí sísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lóòótọ́. Bàtà Sájẹ́ǹtì fò yọ. Ìbíyínká yọ̀, ó ń juwọ́ sí wọn, ó ti ń lọ, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ibẹ̀ ló ti gun apá títì tó ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí òjò ti rin gbingbin. Gbì! Ẹsẹ̀ iwájú rólà rì. Ẹ̀yìn náà rì. Ewúrẹ́ sì dé, wọ́n yí i ká. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

"Ẹ lé òbúkọ yìí, màá jẹ́wọ́!" ló ń pariwo. "Èmi ni! Mo ta símẹ́ńtì gidi ní Ìkàrẹ́, mo rán láfún sínú àpò rẹ̀. Sítókípà ò mọ nǹkan kan, rírán ni wọ́n ń gbé e bá a. Òbúkọ yìí ń jẹ ṣòkòtò mi!"

Sájẹ́ǹtì jẹ́ kó sọ gbogbo rẹ̀ tán kó tó lé òbúkọ. Ó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Kó tó di àkókò ìrun àsárì, Sàídì ti jáde, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ rí wúruwùru. Raliat dì mọ́ ọn níwájú àwọn ọlọ́pàá, kò tijú.

"Ìyá Àsàmáù, ebi ń pa mí."

Kúlà àárọ̀ ló gbé fún un. Sàídì ṣí i, ó rí òkèlè láfún funfun báláú. Ó na ìka, ó fi gún un bí ọ̀gá Àkúrẹ́ ṣe gún títì. Ìka wọlé wọ̀ọ̀.

"Èyí ò ní eérú," ni Raliat wí.

Sàídì bú sẹ́rìn-ín, ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó fi sí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu.