Òrùka Ẹ̀rọ Omi Mpape

Eruku òkúta Mpape ti bo Gafar dé ìpéǹpéjú lọ́jọ́ tí Hàlímàt kọ́kọ́ rí i. Ó gbé òrùka tánganran kan tó ti fọ́ sórí tábìlì iléeṣẹ́ tánganran tí Hàlímàt ti ń ṣiṣẹ́ ní Karu, nítòsí Àbújá, bí ẹni gbé ẹyin kalẹ̀.

“Sànnu, madam. Òrùka yìí ni kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ borehole wa jò. Kì í pé oṣù méjì tó fi ń fọ́.”

Hàlímàt gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń sọ kékeré di ńlá. “Ẹ wá wò ó. Ìyẹ̀fun tánganran la máa ń tẹ̀ pọ̀ ṣe é. Iná kì í yọ́ ọ; ṣe ló ń jẹ́ kí hóró lẹ̀ mọ́ hóró títí ihò àárín wọn á fi dí. Wọ́n kánjú sun èyí, ihò há sínú rẹ̀.”

“Mo rí i,” ni Gafar wí. Òrùka kọ́ ló ń wò.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́ pàápàá, Gafar ń gbé e lọ sí Karu. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ìfẹ́ ti wọ̀ wọ́n lára.

Ṣùgbọ́n Alhaji Jàbárù, bàbá Hàlímàt, ọmọ Ìlọrin tó ń ta aṣọ, kò fẹ́ agbẹ́kànga fọ́mọ rẹ̀. “Ẹ̀rọ omi mọ́ṣáláṣí wa ní Mpape ti kú. Bí o bá mú omi jáde kó tó di Jímọ̀, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, má wá mọ́.”

Òrùka ẹ̀rọ náà ló fọ́; Hàlímàt ló máa sun òmíràn. Àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kì í gbọ́ràn. Ó mú iná ga kíákíá, ó sì gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Òrùka méjì jáde, wọ́n ń dán. Ó gé ọ̀kan wò: hóró rẹ̀ ti wú, àwọn ihò wẹ́wẹ́ sì há sínú wọn.

Ó pe Gafar. “Olólùfẹ́ mi, a ò lè lo òrùka yìí.”

“Kò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀ ni?”

“Á ṣiṣẹ́. Kò kàn ní pẹ́ tó fi máa fọ́ ni.”

Gafar fi oríkì rẹ̀ pè é. “Kai. Tún òmíràn sun, Àyìnkẹ́. Bó bá máa gba àkókò, kó gbà á.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, òrùka tuntun kò tíì jinná, omi kò sì yọ. Gafar sọ fún Alhaji pé ẹ̀bi òun ni. Hàlímàt kúnlẹ̀.

“Irọ́ ló ń pa, Bàbá. Èmi ni mo kánjú sun òrùka. À bá fi èyí tí kò dáa tàn yín jẹ lónìí, òun ló kọ̀.”

“Hàlímàt gan-an ló kọ̀, Bàbá,” ni Gafar wí. “Òun ló pè mí.”

Inú ti ń bí Alhaji tẹ́lẹ̀. Ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ojú rẹ̀ sì rọ̀.

“Ọjọ́ mélòó lẹ tún fẹ́?”

“Márùn-ún, Bàbá.”

“Omi lè pẹ́,” ni Alhaji wí. “Sọ fáwọn òbí rẹ pé kí wọ́n má pẹ́ wá rí mi.”

Kó tó sọ ọ́ tán, Gafar ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja.