Ìlà Mẹ́rin Nínú Fọ́ọ̀mù

"Àsíyà, jókòó kí o bá mi kọ ọ́," ni bàbá mi wí. Ó tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. "Gbogbo àwọn ọmọ mi ni kí o kọ síbẹ̀."

Ọdún 1988 ni. Bàbá mi, tó ti ń ránṣọ nítòsí Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ láti ogún ọdún, ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan tó ń rán aṣọ iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Tẹ́lẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá owó fún ẹgbẹ́ aránṣọ lóṣooṣù, kí dókítà ẹgbẹ́ lè máa tọ́jú wa. Níbi iṣẹ́ tuntun yìí, ilé-iṣẹ́ ni yóò máa san gbogbo rẹ̀. Ẹnu yà mí. Ta ló gbọ́ ọ rí pé kí ara èèyàn gbóná, kí ẹlòmíràn máa san owó abẹ́rẹ́ rẹ̀?

Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́rin péré ló wà fún orúkọ ọmọ nínú fọ́ọ̀mù ìtọ́jú náà, àwa márùn-ún la sì wà nílé. Bàbá mi kò mọ̀wé, kì í sì í ka ọmọ. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo kọ orúkọ àwọn àbúrò mi mẹ́ta. Ó wá ku èmi àti Marufat, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ti kú, tí a jọ dàgbà. Marufat ló máa ń gba ipò kìíní ní kíláàsì wa, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń bá mi wí nílé. Mo sọ lọ́kàn ara mi pé ọmọ ẹni kò ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Mo kọ orúkọ ara mi sí ìlà tó kù.

Bàbá wo ìwé náà títí. "O ti parí?"

"Mo ti parí, Bàbá."

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn náà, ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá Marufat dùbúlẹ̀. Èmi àti Bàbá gbé e wọ mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn tí ilé-iṣẹ́ ń lò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nọ́ọ̀sì ka ìwé orúkọ lẹ́ẹ̀mejì.

"Bàbá, ẹ má bínú. Orúkọ ọmọ yìí kò sí níbí."

Bàbá yíjú sí mi. "Àsíyà, ṣebí tìrẹ lo fi sílẹ̀?"

Mo fa aṣọ bo Marufat lẹ́sẹ̀.

"N kò mọ̀wé," ó ní, "ṣùgbọ́n aránṣọ mọ ìlà. Mo rí i pé mẹ́rin ni. Ìwọ lo dàgbà jù, mo ní bí ẹnì kan yóò bá fi àyè sílẹ̀, ìwọ ni. Ìdí nìyẹn tí n kò fi kúrò nínú ẹgbẹ́. Mo ṣì ń dá owó tìrẹ ní Ọ̀yọ́."

Ẹ̀rù bàbá mi bà mí lọ́jọ́ náà ju ìgbà tó bá mú pàṣán lọ. Ó ti rò mí sí èèyàn rere ju bí mo ṣe jẹ́ lọ, ó sì ń náwó lé e lórí lóṣooṣù láìsọ fún mi.

Owó tí wọ́n ní ká kọ́kọ́ san kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, la bá tún gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ padà. Orí Marufat wà lórí itan mi. Ó dákú lẹ́ẹ̀kan kí a tó délé.

Ní ṣọ́ọ̀bù ẹgbẹ́ aránṣọ, Bàbá Ọládépò, alága ẹgbẹ́, ṣí ìwé wọn, ó sì kọjú sí bàbá mi. "Mashood, orúkọ Àsíyà ló wà níbí. Ó lè yọ̀ǹda àyè rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ìdí rẹ̀ létí wa." Àwọn aránṣọ tó wà níbẹ̀ dá ẹ̀rọ wọn dúró.

"Àṣìṣe akọ̀wé ilé-iṣẹ́ ni," ni Bàbá wí. Ó ń gbà mí sílẹ̀.

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀yin bàbá mi, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fo orúkọ Marufat. Orúkọ tèmi wà níbi méjì, tirẹ̀ kò sí níbì kankan. Ẹ fún un ní tèmi."

Alága kò bá mi wí. Ó kọ ọ́, a sì sáré gbé Marufat lọ bá dókítà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò lè ṣe ìdánwò ìparí ọdún, ó sì tún kíláàsì kà. Èmi ni mo gba ipò kìíní lọ́dún náà. N kò lè fi èsì náà han ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: ẹni tí a bá gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lé lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ fi ìlara ṣe é, torí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀.