Nọ́mbà Méjì Tó Kù

"Ìṣẹ́jú méjì ló kù o!" ni obìnrin tó ń ṣe adájọ́ kígbe.

Nọ́mbà kan ṣoṣo ló wà lójú pátákó: 10,403. Ìbéèrè náà kò gùn: ṣé àpọ́n ni? Àpọ́n ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe nọ́mbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù, àfi ení àti òun fúnra rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ méjì péré ló kù nínú ìdíje náà.

Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Mọ̀nàmọ́ná, nítorí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá nínú ìṣirò. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń dúró fún ilé ẹ̀kọ́ wọn, wọ́n sì ti pín iṣẹ́ náà láàárín ara wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú àwọn àpọ́n kéékèèké, láti orí méjì dé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Òun mú àwọn ńlá, títí dé ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún. Bí kò bá sí ìkankan tó pín in, á jẹ́ pé àpọ́n ni lóòótọ́.

"Mo ti ṣe tèmi tán," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ sí i létí. "Kò sí ìkankan. Tìẹ ńkọ́?"

Mọ̀nàmọ́ná wo ìwé rẹ̀. Ó ti dán nọ́mbà mẹ́sàn-án wò, ó ku méjì. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọkùnrin kan nídìí tábìlì ilé ẹ̀kọ́ kejì tó ń nawọ́ sí aago tí ẹni tó bá fẹ́ dáhùn máa kọ́kọ́ tẹ̀. Nígbà tí mẹ́sàn-án ti kọ̀, kí ni méjì fẹ́ ṣe?

"Èmi náà ti parí," ló wí, ó sì tẹ aago. "Àpọ́n ni!"

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Àpọ́n bí ti báwo? Ìyàwó rẹ̀ wà nílé! Fi ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún sọ ẹ̀tàlélọ́gọ́rùn-ún di púpọ̀, òun gan-an lo máa rí."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ife-ẹ̀yẹ bọ́ sọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kejì.

Nínú bọ́ọ̀sì, olùkọ́ ìṣirò wọn, tí kò mọ bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà, yíjú sí ọ̀rẹ́ Mọ̀nàmọ́ná. "Ìwọ lo kó bá wa. Mo mọ ẹnìkejì rẹ, kì í ṣàṣìṣe. Lọ́dún tó ń bọ̀, màá fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ."

Ọ̀rẹ́ náà ti rí ìwé Mọ̀nàmọ́ná, ó ti mọ ibi tó parí sí. Síbẹ̀ kò tú àṣírí rẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu omijé.

Mọ̀nàmọ́ná jókòó bí ẹni tó jókòó lórí ẹ̀gún. Bí ó bá dákẹ́, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà máa kú sí. Bọ́ọ̀sì kọjá afárá, ó kọjá ilé epo, ó dúró níbi iná ojú pópó. Ìgbà náà ni Mọ̀nàmọ́ná dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni. Ó ku méjì tí mi ò dán wò. Mo purọ́ fún un pé mo ti parí."

Olùkọ́ yíjú padà sí i.

"Ọ̀kànlélọ́gọ́rùn-ún wà nínú méjèèjì?" ni olùkọ́ bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ìwọ ni màá yọ, nígbà náà. Ká pàdánù, ìyẹn ò dùn mí tó irọ́ yẹn."

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò fi kí i. Lọ́jọ́ keje, ó ti ìwé ìṣirò kan síwájú rẹ̀. "Bá mi yẹ̀ ẹ́ wò," ló wí. "Ṣùgbọ́n kó o yẹ̀ ẹ́ wò tán o."

Ọwọ́ yíyá dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ku díẹ̀ kò tíì parí. Ẹni tó bá purọ́ pé òun ti parí rẹ̀, orí ẹlòmíràn ni ẹ̀bi lè já lé, àfi bí ó bá láyà láti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà á.